Orúkọ tí Mo Jí Gbé Sára Ògiri Òtẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yin ará Bàrígà, ẹ̀yin ará Ṣómólú, ẹ jẹ́ kí n tú u sílẹ̀ lónìí kí n lè mí. Èmi Munirat ni mo pa irọ́ tí ẹ ti ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ní ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá yìí ni ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bámilóyè, tún òtẹ́ẹ̀lì wọn ṣe. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ àwòrán ìlú òyìnbó mọ́, ìtàn àdúgbò ni kí a fi ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Èmi tí mò ń gba àlejò ni wọ́n rán láti lọ wá ìtàn náà, torí ìwé ìtàn tí mo yá kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Etí ọ̀sà ni mo ti bá Ìyá Wonder, arúgbó Ìlàjẹ tó ń yan ẹja. Wọ́n sọ bí ìyá wọn, Orímisan, ṣe so aṣọ funfun mọ́ òpó nínú omi, kí apẹja tí kùrukùru bò lójú lè mọ ibi tí yóò gúnlẹ̀ sí. “Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé o. Ṣáà bá mi kọ orúkọ ẹ̀.” Mo ṣèlérí.

Àlá ojú ọ̀sán ló pa mí. Ó wù mí kí èmi náà jẹ́ ọmọ-ọmọ akọni. Dípò Orímisan, mo bá kọ Rọ̀kíbátù, orúkọ ìyá ìyá mi, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta òwú, tí kò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi rí. Lazarus tó ń kun ògiri, tó mọ ìyá àgbà mi, rẹ́rìn-ín: “Sístà, ṣé màmá yín yìí tiẹ̀ lè lúwẹ̀ẹ́?” Mo ní, “Kun ohun tí mo kọ fún ẹ, jàre!” Ẹ ò rí ojú líle.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ tí a ṣí òtẹ́ẹ̀lì, Ìyá Wonder na ìka sí ògiri: “Munirat, kà á sí mi létí.” Mo wo Rọ̀kíbátù, mo ka Orímisan. Arúgbó náà kúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa orúkọ náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Wọ́n ní, “Moómi, Èkó ti mọ̀ yín.” Wọ́n súre fún mi. Àdúrà yẹn ta mí bí ata.

Lánàá mo lọ kúnlẹ̀ ní etí ọ̀sà, mo jẹ́wọ́. Wọ́n yí ẹja kan lórí iná, wọ́n yí èkejì. “O jẹ́ kí n kúnlẹ̀ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí?” Mo ń sunkún. “Nu ojú ẹ. Ẹkún ò lè pa orúkọ rẹ́. Lọ wá ọ̀dà.”

Mo sọ fún ọ̀gá. Wọ́n kanrí, wọ́n ní, “Lójú gbogbo ayé lo máa tún un kọ.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja kún òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ yìí, tí èmi fúnra mi ń kọ ọ́, Lazarus ń di àkàbà mú. Nígbà tí mo parí, Ìyá Wonder kò jẹ́ kí n kà á. Wọ́n jáde sí títì, wọ́n fa nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti Igbóbì wọlé: “Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?” Ó ní, “Orímisan.” Wọ́n tún lọ mú atẹ̀wé kan wá. “Orímisan ni, Màmá.” Ariwo sọ! Àwọn apẹja gbé arúgbó náà sókè, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo fi irọ́ gba àdúrà lọ.

Ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ̀wé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà ti fi ojú rẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Ẹ má fọ́ ọ.