Òkú Kò Bínú, Èmi Ni Mo Pa Ohùn Rẹ̀ Rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Ǹ bá máa gbé e kiri lọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ láìpẹ́ yìí obìnrin tí mo ṣẹ̀ gbé àgbàdo tútù wá fún mi. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni.

Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe ní ìlú Ikpinlè. Ìdílé kan wà ní Massè nítòsí wa, ìyá àgbà wọn ló máa ń ki oríkì ilé bí wọ́n bá ń bọ àwọn baba ńlá wọn lọ́dọọdún. Kí ó tó kú, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú dísìkì kan. Ohùn yẹn ni wọ́n ń gbọ́ lọ́jọ́ ìbọ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Inú gèlè ìyá fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń di dísìkì náà sí. Wọ́n gbé e wá kí n bá wọn dà á kọ sórí òmíràn, kí ó má bàa bà jẹ́.

Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú dísìkì oníbàárà mìíràn tí mo fẹ́ nù, kí n tún àyè inú rẹ̀ pín. Àwọn méjèèjì jọra. Kọ̀ǹpútà fún wọn lórúkọ, mo sì wò ó dáadáa. Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tó dé, mo tan ẹ̀rọ, mo sì ń tẹ àṣẹ mi lọ láì tún orúkọ wò. Bí ẹ̀rọ bá kú tó sì jí, ó lè pààrọ̀ orúkọ wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìkánjú ni kò jẹ́. Mo ní kí ó kọ ìpín tuntun, ó sì kọ ọ́. Dísìkì inú gèlè ló kọ ọ́ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tábìlì ìpín inú dísìkì, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, dà bí pèrègún tí a fi ń pààlà oko. Bí ẹ bá fa pèrègún tu, ẹ̀gẹ́ ṣì wà nínú ilẹ̀. Irinṣẹ́ wà tó ń wá ààlà àtijọ́ rí, mo sì mọ̀ ọ́n lò. Kí n sáà ti sọ òtítọ́, kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Àmọ́ bàbá olórí ẹbí wọn wọlé dé. Ó ní, "Ọmọ mi, ìyá ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, wọn ò dáhùn."

Bàbá jókòó. "Ó ti kọ̀ fún wa nìyẹn. Mo mọ ohun tó ń bí i nínú."

Ẹ̀rù bà mí pé bí Ikpinlè bá gbọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbé ẹ̀rọ fún mi mọ́. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, kì í ṣe àṣìṣe ọwọ́. Bàbá di dísìkì rẹ̀ padà sínú gèlè, ó gbé e lọ.

Orí àkọ́bí ìyá náà lóbìnrin ni ẹ̀bi já lé. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Wọ́n ní nítorí pé ó kọ ìbọ ilé sílẹ̀ ni ìyá ṣe dákẹ́. Wọn ò pè é sí ìpàdé ẹbí mọ́, wọn ò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sọ nǹkan kan.

Òun ló gbé àgbàdo wá. Ó ní, "Ọmọ mi, o ṣé tí o gbìyànjú. Mo ti fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú gèlè màmá, mo ti bẹ̀ wọ́n. Bóyá wọ́n á fọhùn lọ́dún yìí."

Ojú tì mí, ẹ jọ̀ọ́. Àmín ni mo ṣe.

Ìbọ ti sún mọ́lé. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan mìíràn sórí dísìkì náà, ohùn ìyá ṣeé ṣe kó ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi ṣe àmín ni mo fẹ́ fi sọ òtítọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́: ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún, bàbá tó ni dísìkì, tàbí obìnrin tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tí kò bá a jà?