Ìka Tí Mo Nà sí Abẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ èyí tó kéré, kí ọ̀fun mi lè là. Nínú àwọn ìtẹ̀ka tí ẹgbẹ́ wa kó lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn, mẹ́wàá kì í ṣe ti ọwọ́ rárá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni o, èmi tí ẹ gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì, tí ẹ kọ "Ìyá Ẹgbẹ́" sábẹ́ rẹ̀, mo jókòó sórí àpótí, mo ká yẹ̀rì sókè, mo ti ẹsẹ̀ bọ tàdáwà, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúnkún ló ń dùn mí. Ilé mẹ́rin ló kù tí n ó gun àtẹ̀gùn rẹ̀ ní òpópónà tí wọ́n pín fún mi, òjò sì ti ṣú. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìtẹ̀ka ni wọ́n béèrè kí àwọn aṣòfin tó lè gbé ẹ̀bẹ̀ wa yẹ̀ wò, mo wá rò ó pé ṣé ẹsẹ̀ tèmi kì í ṣe aráàlú ni? Nígbà tí Tísà, alága wa, gba ìwé náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ní, "Ìyá, ta ló ni àtàǹpàkò tó tó ṣíbí ìbubẹ̀ yìí?" Mo ní, "Alápatà ni, sà." Tísà mi orí, ó ní iṣẹ́ a máa sọ ọwọ́ èèyàn di ńlá lóòótọ́. Kí ẹ tó pe agbẹjọ́rò, ẹ fọkàn balẹ̀: ìtẹ̀ka wa fi ọ̀ọ́dúnrún ju iye tí wọ́n béèrè lọ. Ẹ yọ ẹsẹ̀ mi kúrò, òfin ṣì dúró.

Ẹni tó di tàdáwà mú fún mi lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sáré lọ ilé ìtọ̀, kò sì débẹ̀ gbẹ. "Àpò," bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá mi, "Àpò, bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tó tẹ̀ka wá fara hàn, ṣé bàtà lo máa bọ́?" Èmi náà ń pè é ní Abẹ́rẹ́, nítorí pé aránṣọ ni, àti pé bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ lè fi aṣọ kọ́ ọ lára láìmọ̀. Alágbàfọ̀ lèmi. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá rẹ̀ àti tèmi. Láràárọ̀, yóò fi sísọ́ọ̀sì kan ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì: ó ti jí nìyẹn. Èmi á fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a padà lẹ́ẹ̀mejì: èmi náà ò tíì kú nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá la fi kí ara wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní kí n kọ bí a ṣe borí, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìrántí ọdún karùndínlọ́gbọ̀n. Ohun tí gbogbo yín mọ̀ ni pé Abẹ́rẹ́ fi ìgboyà yọ̀ǹda ìtàn rẹ̀ fún wa níwájú àwọn aṣòfin. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á, èmi ni mo sì ń bọ́ ọ títí ó fi sanra jù mí lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa lé e bá. Tèmi ti sá fún mẹ́rìnlélógún. Orúnkún ti ń dun òun náà. Dókítà sì sọ fún mi lóṣù tó kọjá pé ọkàn mi ti fẹ̀. Mo ní, "Dókítà, gbogbo ara mi ló fẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkàn nìkan máa gbààwẹ̀ ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Bí dókítà ò bá ti rẹ́rìn-ín, kí arúgbó tètè di ẹrù rẹ̀.

Èèyàn mẹ́sàn-án péré ni wá nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì. Búrẹ́dì ń kéré sí i lóṣooṣù, ọ̀rá tí wọ́n fi ń wé e ò yí padà. Tísà gbé òṣùwọ̀n ilé ìwé rẹ̀ wá, a wọn búrẹ́dì ogójì, a kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníbúrẹ́dì, mo sì fi ohùn mi yìí ka ìwọ̀n wọn lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi gbà láti máa kọ ọ́ sára ọ̀rá. Ìyẹn dùn mọ́ wa. A tún jà kí iléeṣẹ́ omi máa kéde kí wọ́n tó ti omi, a sì borí. Ìgbà náà la wá gbójú sókè wo àkọlé tó wà lára ògiri gbogbo ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, èyí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò lè mọ̀: "Ọjà tí a bá tà, a kì í gbà á padà." Ì báà fọ́, ì báà máa jó, ì báà fẹ́ pa ọ́, o ti rà á nìyẹn. A ní àfi kí òfin wà.

Abẹ́rẹ́ ti ra áyọ́ọ̀nù kan ní ṣọ́ọ̀bù ìkòríta ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ kejì, iná gbé e níbi tó ti ń lò ó, ó sì sọ ọ́ lu ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ó gbé e padà lọ. Ọkùnrin tó ń tajà ò tilẹ̀ ṣí páálí, ẹnu ló fi júwe àkọlé fún un. Ó gbé e wálé, ó tún un dán wò, kò gbé e mọ́. Ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, kò ṣe nǹkan kan. Ó wá fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ ọ́fíìsì, kó lè máa fi lọ aṣọ iṣẹ́. Kò sọ fún un pé ó ti gbé òun rí. Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò náà wẹ̀ tán, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ, ó di áyọ́ọ̀nù mú. Òkú rẹ̀ ni wọ́n bá. Ìyá wọn, tó ń gbé lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, gbà pé ọmọ náà ló ra á fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi kan ni mo mọ òótọ́. A jọ ń ká aṣọ ibùsùn àwọn oníbàárà mi, òun di etí méjì mú, èmi di méjì. Nígbà tí a rìn pàdé láàárín kí n lè gba tirẹ̀, kò fi sílẹ̀. Ó ní, "Àpò, èmi ni mo fún un." Mo ní, "Kí lo fún ta?" Ó sọ gbogbo rẹ̀, aṣọ náà wà láàárín wa bí ẹni pé ọmọ la jọ gbé. Ó ní, "Bí màmá bá gbọ́, mo gbé." Mo ní, "Lẹ́nu ta ni màmá ti máa gbọ́? Inú tèmi yìí, kànga ni." Ó wo ikùn mi, ó ní, "Ó tilẹ̀ ju kànga lọ." A rẹ́rìn-ín, a sunkún, a sì tún aṣọ náà fọ̀ nítorí a ti fi omi ojú bà á jẹ́.

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin pè wá, gbọ̀ngàn kún. Ẹni mẹ́ta ti sọ̀rọ̀ kí ó tó kàn mí. Aṣòfin kan ń yán, òmíràn ń ka ìwé ìròyìn. Agbẹjọ́rò àwọn oníṣòwò dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọlọ́lá, ìtàn àwọn obìnrin nídìí ọpọ́n ìfọṣọ lẹ̀ ń gbọ́ láti àárọ̀. Ta ló kú? Ta ló ṣèṣe?" Inú bí mi, mo fò dìde. Àga dìde tẹ̀ lé mi, nítorí apá rẹ̀ ti há mọ́ ìdí mi. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara mi kí ẹlòmíràn tó rí àyè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó dùn mí. Mo bọ́ àga kúrò, mo ní, "Obìnrin kan wà," mo sì sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, láìdárúkọ. Ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn ká a. Ẹni tó ń yán pa ẹnu dé. Ibẹ̀ dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń gbọ́ fáànù. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti kékeré, bí ilé ńlá bá dákẹ́ fún un, oyin ni. Mo lá a, mo sì tún fẹ́ sí i.

Agbẹjọ́rò náà ní, "Obìnrin wo? Ìtàn tí kò ní olóhun, àlọ́ ni." Alága ìgbìmọ̀ wò mí, ó ní, "Ìyá, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá lè fi í hàn wá, a ó gbé ọ̀rọ̀ yìí tì." Mo lè ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ kan. Mo lè ṣe bí ẹni dákú; ilẹ̀ ì bá mì, wọn ì bá sì sún ìjókòó síwájú. Abẹ́rẹ́ wà lórí ìlà kẹta, báàgì mi wà lórí itan rẹ̀. Ó ń mi orí sí mi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Mo rí i. N kò lè sọ pé n kò rí i. Mo na ìka sí i, mo ní, "Òun nìyẹn." Èyí tó burú jù nìyí: rédíò ń gbé ìjókòó náà sáfẹ́fẹ́. Mo mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo fi bátìrì tuntun sínú rédíò ìyá wọn láàárọ̀, kí màmá lè gbọ́ ohùn mi dáadáa.

Abẹ́rẹ́ dìde. Alága ìgbìmọ̀ ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, màdáàmù?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Èmi ni mo fún àbúrò mi." Ó jókòó, ó sì tún gbá báàgì mi mọ́ra. Àwọn kan sunkún. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé mi sókè, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Tísà bi mí létí pé, "Ṣé ẹ ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀?" Mo ní, "Òun ló ní kí n pe òun, sà." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ní ilé ìwé, lórí rédíò, níwájú ẹ̀yin ọmọ tuntun.

Ohùn ìyá wọn ni mo gbọ́ láti inú ògiri nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ méjì ni mo bí. Ẹ wá sọ fún mi, èwo ló ṣẹ́ kù fún mi." Ẹ̀gbọ́n ìyá wọn wá mú màmá lọ sílé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, mo jí, n kò gbọ́ sísọ́ọ̀sì. Mo gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún gbá a. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, báàgì mi ni mo bá lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, gbogbo nǹkan inú rẹ̀ pé, títí dórí mintì kan tí mo ti lá ku díẹ̀ tí mo tún wé sínú bébà.

Òfin jáde láàárín oṣù méjì. Ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tí kò dára padà. Ẹni tó ṣe ohun eléwu gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kó sì kó o kúrò lọ́jà. A já àwọn àkọlé kúrò lára ògiri, a dáná sun wọ́n. Mo jó títí bàtà fi já. Ṣùgbọ́n inú yàrá mi, ògiri yẹn dákẹ́. Ọdún kejì ni ayálégbé tuntun kan ń kan ìṣó láàárọ̀, pó, pó, mo sì fò dìde lórí ibùsùn, mo gbá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́kùnrin náà wá bẹ̀ mí pé òun ò mọ̀ pé ariwo ń dí mi lọ́wọ́. Mo ní kò séwu. Mo ní kó máa kàn án.

Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, mo tẹ̀ lé ọmọ-ọmọ mi lọ dá kẹ́tù kan tó fi ń se omi, tó ń jò, padà. Ọmọbìnrin tó ń tajà fún un ní tuntun, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin." Mo bú sẹ́kún láàárín ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n rò pé kẹ́tù náà ló dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi ló bá mi wádìí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aránṣọ títí a fi rí ibi tí Abẹ́rẹ́ wà, wákàtí márùn-ún nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, ẹ jà. Ẹ pariwo, ẹ gun àtẹ̀gùn gbogbo ilé, ẹ fi ẹsẹ̀ yín sínú bàtà. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹlòmíràn kì í ṣe àkísà tí a ń fà yọ láti fi nu tábìlì aṣòfin. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olóhun. Bó bá mi orí, ẹ jókòó. Ẹ sì dárí jì mí, nítorí ẹ̀yin náà ni mo purọ́ fún.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo bá Abẹ́rẹ́ níwájú máṣíìnì, aṣọ ilé ìwé àwọn ọmọdé yí i ká. Ó ti funfun lórí, ó sì tún tẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Ó wò mí látòkèdélẹ̀, ó ní, "Àpò, ṣé o ò dín ni?" Mo ní, "Ta ni n bá dín fún?" Ó na abẹ́rẹ́ àti òwú sí mi, ó ní ojú òun ò rí ihò mọ́. Ojú tèmi náà ò rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gún afẹ́fẹ́. Mo bi í léèrè màmá. Ó ní, "Ó kú lọ́dún kẹta. Kò ránṣẹ́ pè mí." Mo kúnlẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́ fún orúnkún yìí. Mo sọ gbogbo rẹ̀: orí tó mì, bátìrì, irọ́ tí mo pa fún Tísà. Mo ní mo fẹ́ kọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n bó bá ní kí n má kọ ọ́, yóò bá mi wọ ilẹ̀. Ó ní, "Kọ ọ́. Bó ṣe rí gan-an ni kí o kọ ọ́." Mo ní, "Abẹ́rẹ́, dárí jì mí." Ó gba òwú náà lọ́wọ́ mi, ó fi itọ́ lọ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Láti ìta ni a ti ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀. Ó ní, "Mo máa ń já ìwé tí wọ́n fi sínú páálí ọjà kà, níbi tí wọ́n kọ òfin yẹn sí. Ó dára. Ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn là." Ó wá wò mí tààrà, ó ní, "Àpò, bí ilé yẹn bá tún dákẹ́ fún ọ lónìí, tí wọ́n ní ta ni, ṣé o ò ní nàka sí mi?"