Ìgò Kan Ni Mo Bù sí Gíláàsì Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìwó ni wọ́n bí mi sí, Ìwó náà ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún tó kọjá. Mi ò sọ ọ́ fún ọmọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé tí oṣù yìí bá ti parí, wọ́n máa mú ọ̀rẹ́ mi kúrò nílùú yìí, èmi ni mo sì fà á.

Mo pè é ní ọ̀rẹ́ mi. Ẹ máa rí i níwájú pé ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀ ní Mọ̀dúpẹ́. A jọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni, a sì jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun. Gbogbo ìgbà tó bá ń bọ̀ wálé ló máa ń kó wáìnì pupa bọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu ún, àfi kí òun àti Mọ̀dúpẹ́ tọ́ ọ wò díẹ̀. Inú yàrá amọ̀ bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé ló máa ń tẹ́ àwọn ìgò náà sí, nítorí pé ògiri ibẹ̀ nípọn, ibẹ̀ sì máa ń tutù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Nígbà tó fi máa kú, àwọn ìgò kan ti lo ogún ọdún nínú òkùnkùn yẹn.

Mọ̀dúpẹ́ ò fẹ́ dá wọn mu. Ló bá ní kí èmi àti Àlàájà Rábíà, tí òun náà ti ṣe olùkọ́ pẹ̀lú wa, máa wá bá òun jẹun ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù. Á sun ẹran ewúrẹ́, á gún iyán, a ó jókòó kí oòrùn tó wọ̀. Àlàájà kì í mu ọtí. Ó kàn máa ń gbé gíláàsì sí imú, á gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, á sì gbé e kalẹ̀.

"Ẹnu ni wọ́n ní kó má mu ún," ló máa ń wí. "Wọn ò bá imú wí."

Mọ̀dúpẹ́ ní ẹ̀bùn kan tó kọ́ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá bu wáìnì mẹ́ta sí gíláàsì mẹ́ta láìjẹ́ kó rí ìgò, á tọ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì sọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àti bó ṣe pẹ́ tó. Á ní, "Èyí dà bí èèpo àgbálùmọ̀ tó ti gbẹ." Á ní, "Èyí ń rùn bí báàgì awọ tuntun." Kì í ṣì í. Ní tèmi, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ó ń fa ahọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n.

Èmi ni wọ́n fi sídìí ìgò, nítorí pé èmi ni mo máa ń tọ́jú ìwé ìdánwò nígbà tí a wà lẹ́nu iṣẹ́. "Ìdánwò ò jò lọ́wọ́ rẹ rí," Mọ̀dúpẹ́ sọ fún mi. "Ìwọ ni kó o máa bù ú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, kí ẹ lè mọ ibi tí ìkorò mi ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan pírínsípà, èmi àti Mọ̀dúpẹ́ ló kù. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nílé nígbà náà, ó lọ bá obìnrin mìíràn. Mo ń kọjá lẹ́yìn fèrèsé ọ́fíìsì tí àwọn tó wá fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò jókòó sí, mo sì gbọ́ ohùn Mọ̀dúpẹ́. Ó ní, "Èèyàn dáadáa ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè kó ilé ara rẹ̀ jọ, ṣé odindi ilé ẹ̀kọ́ ló máa kó jọ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n yàn.

Ní ọjọ́ kejì, ó gbá mi mọ́ra, ó ní ká jọ ṣe iṣẹ́ náà. Mi ò sọ fún un pé mo gbọ́. Mo ti jẹ iyán rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì kúrò létí mi.

Ní ọdún tó kọjá, Fúnmi ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì l'Ékòó, wá kí i pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì. Sátidé wa ló bọ́ sí. Inú Mọ̀dúpẹ́ dùn, ó fẹ́ kí àwọn àlejò rí ohun tí ẹnu òun lè ṣe. Bí mo ṣe ń kó ìgò lọ sí kíṣìnì, ó nàka sí mi.

"Ẹ wo bó ṣe ń kó wọn jọ. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yìí mọ̀ ọ́n kó jọ nìyẹn!"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Bóyá ó ti gbàgbé ohun tó sọ ní ọ́fíìsì ọjọ́sí. Èmi ò gbàgbé.

Mo ṣí ìgò mẹ́ta. Inú ìgò kan ni mo ti bù sí gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gbé ìgò méjì tó kù lọ sẹ́yìn kíṣìnì, mo da díẹ̀díẹ̀ nínú wọn sídìí igi ata, kí wọ́n lè dín kù. Mo nu ẹnu ìgò. Mo gbé gíláàsì wọlé.

Mọ̀dúpẹ́ tọ́ àkọ́kọ́ wò. Ó tọ́ ìkejì wò, ó padà sí àkọ́kọ́. Ó tọ́ ìkẹta wò. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ṣé o ò ṣì í bù? Ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mo kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, mo tò wọ́n síwájú rẹ̀. Mo ní, "Ìgò mẹ́ta rèé, Mọ̀dúpẹ́."

Àlàájà gbóòórùn wọn. "Imú tèmi náà ní ọ̀kan ni o."

"Ẹ̀yin Àlàájà tí ẹ ò mu ún rí!" Fúnmi sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Àlàájà dìde, ó lọ ṣe àlùwàlá níbi ẹ̀rọ omi lẹ́yìn kíṣìnì. Mọ̀dúpẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ kan ètè ara rẹ̀ bíi pé ètè ẹlòmíràn ni.

Mo gbádùn rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo gbádùn rẹ̀ títí mo fi délé.

Ní ọjọ́ kejì, Àlàájà wá bá mi. Kò jókòó. Ó ní, "Ilẹ̀ ìdí ata yẹn pupa. Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìwọ lo máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè bá ọ jẹun mọ́." Láti ọjọ́ náà, kò bá mi jẹun mọ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà máa tán lọ́sẹ̀ kan. Kò tán. Mọ̀dúpẹ́ kọ́kọ́ ní ẹnu òun ti kú. Nígbà tó yá, ó ní orí òun ló ń dà rú. Tó bá wá kọ́kọ́rọ́ tì, ẹ̀rù á bà á. Tó bá fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èyí tí èmi náà ń ṣe, á sunkún. Kò wa mọ́tò lọ sí oko wọn ní Ilé-Ogbó mọ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan pàtó, ṣùgbọ́n Fúnmi ti rí ohun tó rí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ìyá òun ò lè dá gbé mọ́. Wọ́n máa ti ilé náà pa, á sì lọ máa gbé yàrá kan lọ́dọ̀ ọmọ l'Ékòó, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá sílé mi, ó gbé ìgò tó kẹ́yìn nínú yàrá amọ̀ náà fún mi. Ó ní, "Gbà á. Ẹnu mi ò dá a mọ̀ mọ́." Ó tún ní, "Ọjọ́ yẹn, gbogbo wọn ló fi èmi àti Àlàájà rẹ́rìn-ín. Ìwọ nìkan ni o ò rẹ́rìn-ín. O ṣeun."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún òun nìkan ni, àbí níwájú Fúnmi, ẹni tí mo dójú ti ìyá rẹ̀ níṣojú rẹ̀? Tí mo bá sọ ti wáìnì, mo gbọ́dọ̀ sọ ti fèrèsé ọ́fíìsì náà. Ó ṣẹ̀ mí. Ọjọ́ orí mi yìí náà ni mo ṣì fẹ́ kó bẹ̀ mí. Ṣé ẹni tó ṣe irú ohun tí mo ṣe ṣì lè sọ pé kí wọ́n bẹ òun? Ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní sí ẹni tó máa pè mí jẹun mọ́ nílùú yìí.

Ìgò náà wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò ṣí i. Ọ̀kan náà ni wáìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ yẹn, Mọ̀dúpẹ́ ò ṣì í. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, òun tó yẹ kó gbọ́ ọ sì ń di ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́.