Aṣọ Fèrèsé Ilé Ìtura Kan ní Bangkok

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, obìnrin méjì jókòó níwájú mi nínú bọ́ọ̀sì láti Altona sí Lurup, ní ìlú Hamburg. Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí wọ aṣọ dúdú.

"Ẹ̀gbọ́n, ibi iṣẹ́ ló rán mi lọ sí Bangkok. Hòtẹ́ẹ̀lì yẹn rẹwà! Ẹ tẹ bọ́tìnì báyìí, aṣọ fèrèsé á ṣí fúnra rẹ̀, gbogbo ìlú á wà nísàlẹ̀."

"O ò sì sọ fún wa."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ ìrìnàjò fẹ́nikẹ́ni àfi tí mo bá padà dé."

"Nítorí ọ̀tá ni."

"Màmá mi kì í ṣe ọ̀tá. Wọ́n pè mí lórí fídíò, mo yára pa aṣọ fèrèsé dé. Mo ní Hamburg ni mo wà, pé oorun ń kùn mí. Wọ́n ní, 'Ṣí i díẹ̀, jẹ́ kí n rí ìta.' Mo ní ó di ọ̀la. Ilẹ̀ ọ̀la ò mọ́ bá wọn."

"Ọlọ́run mọ ọkàn rẹ."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Màmá mi ò mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo délé, mo dúpẹ́ pé ìyá tèmi ṣì wà láàyè. Mo pè wọ́n, mo ṣí aṣọ fèrèsé. Òjò nìkan ló wà níta, àmọ́ mo gbé fóònù síbẹ̀ títí wọ́n fi ní ó tó.