Ṣíbí Igi Dáníẹ́lì

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sabon Gari, ọkùnrin kan máa ń dìde gbàdúrà fún mi. Á ní kí Ọlọ́run bá òun san án fún mi, nítorí ohun tí mo ṣe nígbà ikú ìyá òun. Gbogbo ìjọ á ṣe Àmín. Èmi náà á ṣe é, nítorí ìyàwó mi ń wò mí, ṣùgbọ́n Àmín náà kì í ti ọkàn mi wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Bí ọkùnrin yẹn bá mọ ohun tí mo ṣe ní tòótọ́, ṣé orúkọ mi ni ì bá máa dá níwájú Ọlọ́run?

Akọ̀wé àgbà ni mí ní kọ́ńpìnnì òyìnbó kan tó ń ra òwú ní Zaria níbí. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo lọ ní Èkó. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ mi, ìdí ìwé ni wọ́n fi mí sí. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ohun kan tí wọ́n dá mọ́ mi ni pé ojú mi kì í rẹ́rìn-ín. Mo lè pa irọ́ tó ga tó ṣítọ́ọ̀ wa, kí ojú mi rí bíi ti ẹni tó ń ka Bíbélì. Lọ́dún kan, mo sọ fún àwọn máígàádì pé Máníjà ní kí wọ́n máa kí òṣùwọ̀n òwú tuntun kí wọ́n tó gbé ẹrù lé e. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń tẹríba fún irin, tí wọ́n ń ní "Ranka ya dade!" bí àwọn Haúsá ṣe ń kí ọba. Ilé ni mo ti lọ rẹ́rìn-ín tèmi.

Dáníẹ́lì ló ń wo òṣùwọ̀n náà. Ọmọ Ọ̀fà ni, mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Àwọn yòókù ti kọ́gbọ́n, wọ́n máa ń jiyàn bí mo bá la ẹnu. Òun kì í jiyàn.

Nígbà ọyẹ́ lọ́dọọdún, àwọn òyìnbó wa máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti gbá gọ́ọ̀fù, bọ́ọ̀lù kékeré tó dà bí ẹyin ẹyẹlé, tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá láti ihò dé ihò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á pín ẹ̀bùn. Èmi ni mò ń ṣètò rẹ̀: àga, tòlótòló, orúkọ tí a ń tẹ̀ sórí tábìlì, títí dé iyanrìn tí a ń fi epo dúdú pò sí ẹnu ihò, nítorí koríko kì í dúró nínú ọyẹ́ ibí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Máníjà ní kí àwa akọ̀wé náà gbá tiwa ní òwúrọ̀. Ẹni tó bá borí yóò gba ife, yóò sì gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú ìwé rélùwéè tí yóò fi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́. Ìsinmi! Nígbà òwú! A kò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Dáníẹ́lì bá mi lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí mo ti ń jẹ màsà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń dín níbí. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ni ìwé eré yìí wà. Kí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó borí?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá gbá a ní iye ìgbà tó kéré jù ló ń borí. N kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lára màsà. Mo ní, "Wọ́n ń ka iye ìgbà tí èèyàn gbá a ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló gba ife."

"Bí ìgbà tí wọ́n ń ka ọmọ ayò?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Ẹ ò fi mí ṣeré, àbí?"

"Dáníẹ́lì, ṣé ojú ẹni tó ń ṣeré rèé?"

Ó wò mí dáadáa, ó ní rárá o.

N kò mọ̀ pé lẹ́tà kan wà nínú àpò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ọ̀fà, ó fẹ́ fojú kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dáníẹ́lì ti tọrọ ààyè, ẹ̀ẹ̀mejì ni Máníjà kọ̀. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì yẹn nìkan ni ọ̀nà tó kù fún un.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé mo ní in lọ́kàn láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, pé iṣẹ́ ló pọ̀ tí mo fi gbàgbé. Irọ́ ni. Mo rántí. Mo kọjá ní Tudun Wada ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú eré, mo rí i lẹ́yìn ilé rẹ̀ tó ń fi igi gbá ọsàn wẹ́wẹ́ kan lọ, tó ń gbá a bọ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a kà á. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo ní kó di ọ̀la ná.

Ní ọ̀la náà, ìgbá mẹ́ta péré ni Dáníẹ́lì fi dé ẹnu ihò àkọ́kọ́. Ìṣísẹ̀ kan ló kù. Kò sí akọ̀wé kankan tó gbá a tó bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó ronú, ó yíjú padà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà padà síbi tó ti wá. Òyìnbó tó ń kà á fún un rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ó ń fi áńkáṣíìfù nu omi ẹ̀rín lójú. Nígbà tí Dáníẹ́lì parí, ó sáré wá bá mi, òógùn bò ó nínú ọyẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ọgọ́fà dín kan! Ta ló tún lè tó o?"

Mo ní, "Kò sí." Òótọ́ ni mo sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwa akọ̀wé dúró ní fàráńdà. Wọ́n pe ẹlòmíràn gba ife, Dáníẹ́lì sì yíjú wò mí. Kí n tó gbójú kúrò, Máníjà pe orúkọ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ṣíbí igi ni Máníjà nà sí i, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń fún ẹni tó ṣe ìkẹyìn kí wọ́n lè rí i rín. Èmi ni mo rà á ní ọjà, èmi ni mo kọ ọ́ sínú ètò. Dáníẹ́lì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹríba, kò kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Sà, ìwé rélùwéè ńkọ́?" Háà! Ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Níta, ó yọ lẹ́tà náà fún mi. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ̀yin náà ò mọ òfin eré yẹn ni?" Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Mo ní, "N kò mọ̀ ọ́n."

Mo lọ bẹ Máníjà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pé kó jẹ́ kí Dáníẹ́lì lọ. Ó ní òwú wà nílẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá ni wáyà dé pé ìyá ti kú. Ìgbà yẹn ni Máníjà tó jẹ́ kó lọ. Èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo dúró nídìí òṣùwọ̀n dípò rẹ̀ títí ó fi dé. Nígbà tí àwọn akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, òun ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́: "Ẹ fi Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀, òun náà ò mọ̀ ọ́n ni."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, n kò lè gbé e mọ́. Mo bá a lọ sílé lẹ́yìn ìsìn, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí màsà dé orí ṣíbí. Ó wo ojú mi títí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tó ti Ọ̀fà dé.

"Haba, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ tún ti dé! Ẹ fẹ́ fa ẹ̀bi sọ́rùn kí ọkàn mi lè fúyẹ́. Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyá mi dá àpárá mọ́." Ó ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó wá gbọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n ń wí. Ìyàwó gbé ìkòkò jáde, ó bu ọbẹ̀ kún àwo fún mi. Ṣíbí igi yẹn ló fi bù ú. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn ti ń bọ̀, yóò sì tún dìde. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Irọ́ ni mo fi ojú yìí pa, ó gbà á. Òótọ́ ni mo fi ojú kan náà sọ, kò gbà á. Ojú wo ló kù fún mi?