Eyín Ajá Ni Mò Ń Bọ̀wọ̀ Fún

Nígbà òtútù kan, lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran ní Moore Street nílùú òyìnbó, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń ráhùn fún ìyá àgbàlagbà tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Mà, ajá tí a rà fún ọmọ mi kò gbọ́ràn. Gbogbo títì ló ti di yìnyín, ó sì ń wọ́ ọmọ náà káàkiri. Bí mo bá ní kó dúró, ńṣe ló ń sáré sí i."

"Kí lo máa ń wí fún un gan-an?"

"Mo máa ń ní, 'Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́.'"

"'Ẹ' kẹ̀? Ṣé ajá ni àbí bàbá ọkọ ẹ?"

"Mà, eyín ẹ̀ ni mò ń bọ̀wọ̀ fún."

"'Dúró' lásán ni kí o wí, kóhùn ẹ sì le! Bó bá gbé ọmọ ẹ ṣubú, ṣé wàá kúnlẹ̀ bẹ ajá ni?"

Mo fi obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí dé Lucan, níbi tí à ń gbé, tí ilé tuntun sì ń hù bí olú nígbà náà. Bí èmi àti ọmọbìnrin mi ṣe dé ẹnu ọ̀nà wa, ajá aládùúgbò, tí kò ga tó bàtà òjò mi, yọ sí wa. Mo fa ọmọ mi sẹ́yìn.

"Ẹ káàsán, sà," ni mo wí.

Ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé abo ni.

Mo yára yí "sà" padà sí "mà."