Èmi Ni Mo Ní Kó Sọ Pé Òun Jẹ̀bi

Ọmọ mi Múínátù kì í kúnlẹ̀ kí mi mọ́. Tó bá jí láàárọ̀, yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, yóò ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàámi," lóòró gangan, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ará ilé ń bínú sí i. Ìyá mi tó ti darúgbó sọ pé ẹ̀wọ̀n ti ba ọmọ náà jẹ́. Èmi nìkan ni kì í bá a wí, torí mo mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìdílé wa ti Ìlọrin wá sí Lọ́kọ́jà kí wọ́n tó bí bàbá mi. Okùn àti àwọ̀n ìpẹja ni mo ń tà létí odò, àwọn Núpé àti Ígálà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ohun tí mo fi ń yangàn láàárín wọn ni ẹ̀kọ́ ilé. Nílé wa, bí àgbà bá ti bínú, ọmọdé kì í rojọ́. Yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Mo jẹ̀bi, ẹ forí jì mí." Bóyá ó ṣe nǹkan náà o, bóyá kò ṣe é o, ìyẹn kọ́ la kọ́kọ́ ń wò. Inú àgbà á rọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá bi í pé báwo ló ṣe jẹ́ gan-an. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe tọ́ àwọn ọmọ mi nìyẹn. Mi ò rò ó wò rí pé ibì kan wà tí wọn kì í ti í bi ọmọ ní ìbéèrè kejì yẹn.

Múínátù ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ní àdúgbò Lokongoma nílùú wa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, àmọ́ ó ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀kan Ígálà, èkejì Ẹ̀bìrà, ń jà lórí ẹni tó ba máṣíìnì jẹ́. Ìjà dé ìta, ọ̀kan gbé òkúta, òkúta lọ fọ́ gíláàsì ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó wá gba aṣọ rẹ̀. Aṣọ ni Múínátù ń lọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà tó gbọ́ ariwo, ó sì sáré jáde láti là wọ́n. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kó. Wọ́n ní wọ́n da àlàáfíà ìlú rú, wọ́n sì ba dúkìá onídùúkìá jẹ́. Ní àgọ́ wọn, ọlọ́pàá tó ń kọ orúkọ wo gíga ọmọ mi, ó pè é lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́, mi ò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ìyẹn ò já mọ́ nǹkan.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Má bá wọn jiyàn o. Bí wọ́n bá ti bi ọ́, kúnlẹ̀, kí o ní o jẹ̀bi, kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé ire lo ti wá."

Ó ní, "Bàámi, ṣé èmi ni mo ju òkúta ni?"

Mo ní ta ló ń sọ ti òkúta. Àánú la wá tọrọ.

Adájọ́ náà kò rorò lójú. Ẹjọ́ ló pọ̀ níwájú rẹ̀, ó sì ń kánjú. Wọ́n ka ẹ̀sùn lédè òyìnbó wéré wéré. Ọmọ Ígálà ló kọ́kọ́ dáhùn, ó ní, "I no do am, sir." Ọmọ Ẹ̀bìrà náà ní òun kọ́. Nínú ọkàn mi mo ní, ẹ wo àwọn ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ó wá kan Múínátù. Akọ̀wé kóòtù, bàbá olórí funfun kan tó jẹ́ ará Ìjùmú, rí i pé ẹ̀rù ń bà á, ó fi Yorùbá ràn án lọ́wọ́: "Ọmọ mi, ohun tí wọ́n kà yẹn, ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Irú àgbà bẹ́ẹ̀, báwo lọmọ mi ṣe fẹ́ wo ojú rẹ̀ kó ní òun ò jẹ̀bi? Ó wo ojú mi. Mo mi orí sí i pé kó máa sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ní kó dúró sí, tó fi jẹ́ pé irun rẹ̀ nìkan là ń rí lókè pákó tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní, "Mo jẹ̀bi, sà. Ẹ forí jì mí."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni akọ̀wé fi túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́. Kò túmọ̀ "ẹ forí jì mí." Adájọ́ ní àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ti ya pòkíì, ó yẹ kí ẹnì kan di àríkọ́gbọ́n. Ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Mo ṣì ń retí ìbéèrè kejì nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́ mìíràn.

Àwọn méjì yòókù rí onídùúró, wọ́n sì gba ilé lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ wọn pé, ọlọ́kọ̀ kò yọjú, ẹlẹ́rìí kò sí, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Ẹni tó ju òkúta wà nínú wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dájọ́ Múínátù, agbẹjọ́rò obìnrin kan rí mi níbi tí mo ti ń sunkún níta kóòtù. Ó ní, "Bàbá, 'mo jẹ̀bi' kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ níbí o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé òun ló ṣe é. Ká ní ó ní òun ò jẹ̀bi ni, àwọn ọlọ́pàá ni ì bá máa wá ẹlẹ́rìí kiri. Bí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ṣe rí yìí, kóòtù àwọn ọmọdé ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ." Ó ní a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. A pè é, àmọ́ kí ìwé náà tó kúrò lórí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn, ọmọ mi ti ṣẹ̀wọ̀n tirẹ̀ tán.

Àárín àwọn àgbà obìnrin ni wọ́n fi í sí. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, kò sọ fún mi títí di òní. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò lè gba ẹlẹ́wọ̀n sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọjọ́ tó dé, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó forí jì mí. Ó ní, "Bàámi, ṣé ẹ jẹ̀bi ni, àbí ẹ kàn ń bẹ̀ mí?" Ó sì wọlé lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọlé bá ògì nílẹ̀, ó dà káàkiri. Mo pariwo, mo ní ta ló ṣe é. Àṣíàtù, àbíkẹ́yìn mi, sáré wá, ó ń kúnlẹ̀, ó ní, "Mo jẹ̀bi, Bàámi." Múínátù jáde láti yàrá, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń fà á dìde.

"Ṣé ìwọ lo dà á?"

"Rárá. Ológbò ni."

"Sọ fún wọn bẹ́ẹ̀."

Àṣíàtù kò dìde tán, kò sì kúnlẹ̀ tán. Ojú mi ló ń wò, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe wò ó ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Bí mo bá ní kó máa rojọ́, ìyá mi yóò ní mi ò tọ́ ọmọ, gbogbo àdúgbò yóò sì gbè é lẹ́sẹ̀. Bí mo bá sì jẹ́ kó kúnlẹ̀, kóòtù yẹn ṣì wà níbi tó wà. Ọmọ náà ń dúró dè mí. Èwo ni kí n mi orí sí?